Kí Ìjì Tó Dé: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdílé àti Oko ní Káúńtì Benton, Ìpínlẹ̀ Iowa

Ọ̀sán gangan ni ìjì derecho kọlu Káúńtì Benton ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 2020. Kì í ṣe ààjà tó ń fẹ́ yípo. Ìjì tó ń fẹ́ tààrà ni, ó gbòòrò, kò sì tètè rọlẹ̀: níbòmíràn, ó fẹ́ ju ìdajì wákàtí lọ. Ní Atkins, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ka 126 máìlì ní wákàtí kan. Láti South Dakota títí dé Ohio, nǹkan bí 770 máìlì ni ìjì náà rìn ní wákàtí mẹ́rìnlá. Àgbàdo tó kù díẹ̀ kó gbó sùn sílẹ̀ gbalaja, àká onírin wó, igi dí ọ̀nà, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì tẹ̀lé e. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí iná tó padà sí àwọn ilé kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lóko, tàbí ní ìlú kéékèèké bíi Keystone, Van Horne àti Blairstown, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: ìrànlọ́wọ́ yóò wá, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Nǹkan bí 25,000 ènìyàn ló fọ́n ká gbogbo káúńtì yìí. Kò sí bí àwọn òṣìṣẹ́ iná àti panápaná ṣe lè dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Ìmúrasílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló kéré jù. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó ṣe é dé ọ̀sẹ̀ méjì.

Omi ṣáájú

Ilé oko ń lo kànga, iná mànàmáná ló sì ń fa omi inú rẹ̀. Bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ omi gbẹ nìyẹn: kò sí omi mímu, kò sí èyí tí a ó fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ti màlúù. Ọ̀pọ̀ ìdílé á ra tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì, wọn ò ní rántí omi. Ẹ tọ́jú gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún nílò gálọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọjọ́ mẹ́ta, láì tíì ka ti ajá. Bí ìkìlọ̀ ìjì bá jáde láàárọ̀, ẹ pọn omi kún ọpọ́n ìwẹ̀ àti gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó wà nílé kí iná tó lọ.

Omi tí kò bá dá yín lójú, ẹ sè é kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá sí ohun tí ẹ ó fi dáná, ẹ lo bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, irú èyí tí a ń pè ní jíìkì ní Nàìjíríà. Bí ara ike bá kọ 6%, ìkán mẹ́jọ ni fún gálọ́ọ̀nù omi tó mọ́ kan. Bí ó bá kọ 8.25%, ìkán mẹ́fà ti tó. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Kànga tí àgbàrá bá bò kì í ṣe ohun mímu mọ́, bó ti wù kí omi rẹ̀ mọ́ lójú tó, nítorí ìgbẹ́ ẹran àti oògùn oko ti bá àgbàrá wọ inú rẹ̀. Ẹ má tan pọ́ǹpù rẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni a ó fi klorín fọ kànga, tí a ó sì gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Iowa ní ètò tí àwọn káúńtì fi ń yẹ omi kànga ìdílé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera àyíká ní káúńtì.

Ìkìlọ̀ àti ibi ìsásí

Àwọn tó wà níta ni wọ́n ṣe fèrè ìkìlọ̀ inú ìlú fún. Ẹni tó wà nínú ilé ní máìlì mẹ́ta sí ìlú, tí fèrèsé rẹ̀ tì, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ ọ. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Alert Iowa kí ìkìlọ̀ lè máa wọ fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé fóònù nìkan. Ní 2020 ńkọ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ? Bí owó bá mọ níwọ̀n, rédíò ojú ọjọ́ ti NOAA (àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́) tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ó máa ń pariwo débi tí yóò fi jí ènìyàn lóru.

Bí ó bá kéde tornado watch, ojú ọjọ́ ti ṣe bí èyí tó lè mú ààjà wá: ẹ mọ ibi tí àwọn ọmọ wà, ẹ gba iná sí fóònù. Bí ó bá di tornado warning, wọ́n ti rí i nìyẹn, tàbí kí rédà ti rí i. Ẹ má jáde lọ wo ojú ọ̀run. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àjàalẹ̀. Bí ilé kò bá ní àjàalẹ̀, yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé, láàárín gbùngbùn ilé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ wọ bàtà, kí àwọn ọmọ dé akoto kẹ̀kẹ́ wọn. Severe thunderstorm warning, ìyẹn ìkìlọ̀ ìjì líle tó ní àrá, náà kì í ṣe èyí tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: irú rẹ̀ ló ṣáájú derecho.

Mobile home, ilé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ṣeé fi ọkọ̀ wọ́ kiri, kì í ṣe ibi ìsásí rárá, kódà bí wọ́n bá fi okùn irin dè é mọ́lẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ilé aládùúgbò tí ẹ ó sá lọ, kí ẹ sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé ṣáájú. Ó máa ń ti ènìyàn lójú láti béèrè irú nǹkan báyìí, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò. Ẹ ṣáà béèrè. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ààjà EF5, ìpele tó le jù lọ, wọ Parkersburg ní Káúńtì Butler, tí kò jìnnà sí wa. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló bá a lọ.

Jẹnẹrétọ̀

Ẹni tó ti Nàìjíríà wá mọ jẹnẹrétọ̀ dáadáa. Ilé ló yàtọ̀ níbí. Wọ́n dí ilé Iowa pinpin nítorí òtútù, èéfín tó bá wọ ibẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde. Carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ó kéré tán, kí èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé e sí gàráàjì, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí gbayawu. Ẹ má fi eédú dáná nínú ilé. Ẹ ra ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń kìlọ̀ carbon monoxide, ẹ fi í sí ìtòsí yàrá tí ẹ ń sùn.

Ẹ má sì ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná yẹn á gba ara wáyà padà síta, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó gun òpó láti tún iná yín ṣe. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi ṣéńjóbà sí i.

Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú oúnjẹ dì fún wákàtí 48. Fíríìjì kò ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Omíyalé

Odò Cedar gba Vinton kọjá kó tó dé Cedar Rapids. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, omi rẹ̀ ga dé 31.12 ẹsẹ̀ bàtà ní Cedar Rapids. Ṣáájú ìgbà náà, ibi gíga jù lọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó dé kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà lọ. Kí ẹni tó ń sọ pé omi ò dé ọ̀dọ̀ òun rí ro ìyẹn wò dáadáa.

Omi tó ń ṣàn, tí kò jìn ju íǹṣì mẹ́fà lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Íǹṣì méjìlá lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Bí omi bá bo ọ̀nà, ẹ ṣẹ́rí padà. Adójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ti ètò ìjọba àpapọ̀, NFIP, sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn odò ni kẹ́ ẹ rà á.

Àká àti ẹran ọ̀sìn

Àká tó ṣófo ni ìjì ń tètè gbé, nítorí kò wúwo. Lọ́dọọdún kí ìgbà ìjì tó wọlé, ẹ mú gbogbo bóòtù tó dì í mọ́ kọ́ńkéré le.

Ọkà tí òjò bá kàn máa ń dì lókè, kó ṣófo lábẹ́. Ẹ má wọlé lọ tú u bí ẹ̀rọ tó ń fa ọkà jáde bá ń ṣiṣẹ́: kò tó ìdajì ìṣẹ́jú kí ọkà bo ènìyàn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ ti kú báyìí, àwọn tó wọlé lọ fà wọ́n jáde náà sì ti bá a lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi àgádágodo tì í, kí ẹni tó ń wọlé so okùn ààbò mọ́ra, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́nu àká.

Ọkà tí omi odò bá kàn kò ṣeé tà mọ́, ì báà ṣe fún ènìyàn tàbí fún ẹran, adójútòfò irúgbìn ti ìjọba àpapọ̀ kì í sì í bo ọkà tí a ti kó sí àká. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ etí odò Missouri ní oṣù Kẹta ọdún 2019 nìyẹn.

Bí fáànù ilé ẹlẹ́dẹ̀ bá dúró lọ́sàn-án oṣù Kẹjọ, ooru lè pa wọ́n láàárín wákàtí díẹ̀. Kí ilé ẹran ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì máa tàn án wò lóṣooṣù.

Sínóò

Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́bìrì, yanrìn àti oúnjẹ tí kò nílò sísè, kí gbogbo wọn wà nínú mọ́tò. Bí sínóò bá há yín mọ́ ọ̀nà, ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ kó sínóò kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kan.

Ìwé àti àwòrán

Ẹ ya fọ́tò ilé, àká, ẹ̀rọ àti ẹran nísinsìnyí tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní pípé. Ní Iowa, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ni gbèdéke ríra adójútòfò àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà. Bí oko bá bàjẹ́, ẹ pe aṣojú adójútòfò yín láàárín wákàtí 72 tí ẹ rí i, kí ẹ tó ro ilẹ̀ náà pa.

Ọ́fíìsì Iowa State University Extension, ẹ̀ka yunifásítì tó ń gba àgbẹ̀ àti ìdílé nímọ̀ràn, wà ní gbogbo káúńtì 99 Iowa. Ti Benton wà ní Vinton. Ẹ ya àwòrán oko yín sórí bébà: ibi tí táǹkì gáàsì wà, ibi tí anhydrous ammonia (ajílẹ̀ onígáàsì tó léwu) wà, ibi tí a ti ń pa iná, yàrá tí ẹ ó sá sí. Ẹ fún àwọn panápaná ìlú yín ní ẹ̀dà kan, ẹ sì tún un yà nígbàkúgbà tí ẹ bá gbé táǹkì kúrò níbi tó wà.