Omi òjò kọ́, omi abẹ́ ilẹ̀ ni: bí a ṣe ń ka àpáta shear zone Ifẹ̀wàrà

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé omi méjì ló ń ṣiṣẹ́ lára àpáta ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan ni omi òjò tó ń jẹ òkúta lójú ilẹ̀. Èkejì ni omi gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà tí apá méjì àpáta ń fi ara gbo ara wọn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní shear zone. Ẹni tí kò bá yà wọ́n yóò rí òkúta rírọ̀, yóò sì pe iṣẹ́ òjò ní iṣẹ́ shear zone.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, inú odò ni kẹ́ ẹ sì wá àpáta shear zone náà, torí omi ti fọ erùpẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ olóko. Ẹ má wọ kòtò àwọn awagóòlù. Kì í sábà ní òpó, ó sì lè wó.

Àríwá sí gúúsù ni shear zone náà nà, ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn lápá òkè. Nítorí náà, ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ rìn, kẹ́ ẹ dá a kọjá. Ẹ wọn ìdagun ìpele àpáta (bó ṣe dagun sí) ní mítà 10 síra, àmọ́ bí èérún inú àpáta bá ti ń kéré, ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ gbé òòlù jìnnà sí kọ́ḿpáàsì. Ẹ rìn títí ẹ ó fi dé àpáta tí kò fà lódìkejì, torí òun lẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ fọ́ ara òkúta títí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́, kẹ́ ẹ wá fi dígí onílọ́po 10 wò ó. Fẹ́lísípà, ọ̀kan lára àwọn èérún inú òkúta, kò gba ọ̀bẹ tó bá ṣì le. Tí omi ìsàlẹ̀ bá ti bá a ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ á ti di máíkà tó ń dán, tó tò tẹ̀ lé ìpele, tó wé mọ́ ìyókù bí ewé mọ́ín-mọ́ín. Amọ̀ funfun tí òjò ṣe kì í tò bẹ́ẹ̀: ó kàn ń kun ọwọ́ ni. Àpáta dúdú amphibolite ìtòsí Iléṣà náà lè di aláwọ̀ ewé, torí chlorite, èérún aláwọ̀ ewé tí omi mú jáde nínú rẹ̀.

Kúọ́tísì, èérún mìíràn nínú òkúta, ló nílò àlàyé jù. Àwọn onímọ̀ Griggs àti Blacic fi hàn ní 1965 pé omi ń sọ ọ́ di aláìlágbára: ó ń já ìdè silicon àti oxygen inú rẹ̀. Ta ní ń tẹ ẹ̀bà láìsí omi? Síbẹ̀, ooru náà ní ipa: kúọ́tísì ń rọ̀ ní nǹkan bí 300°C, fẹ́lísípà ní nǹkan bí 450°C. Torí náà, kúọ́tísì tó fà bí ọ̀já nìkan kò tó ẹ̀rí pé omi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo iṣan kúọ́tísì pẹ̀lú. Ní kìlómítà 10 nísàlẹ̀, agbára tí ìwúwo àpáta òkè fi ń tẹ̀ tó 265 MPa (megapascal, òṣùwọ̀n agbára ìtẹ̀). Ti omi tó ní ọ̀nà àbájáde kò ju 98 MPa lọ. Tí wọ́n bá sé e mọ́, agbára rẹ̀ á súnmọ́ ti àpáta, á gbé e sókè, á là á, kúọ́tísì á sì kún ojú ìlà náà. Iṣan tó ká tàbí tó já bí ìlẹ̀kẹ̀ ti wà kí ìfà tó parí. Èyí tó gbọọrọ tó gé ìpele kọjá dé lẹ́yìn. Ẹ má kà á mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó kan òkúta ìkúùkù kan jáde, ẹ fi máàkà ya ìdagun àti àríwá sí i lára. Ìgégé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ìpele kọjá, kó sì bá ìlà ìfà (ìlà tó ń fi ibi tí òkúta fà sí hàn) lọ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di mìlímítà 0.03 ní yàrá àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá gé e gba ọ̀nà mìíràn, fẹ́lísípà tí máíkà wé mọ́ á dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ẹ kò sì ní mọ apá ibi tó fà sí.