Ọmọ yín ní CP? Bẹ́ẹ ṣe máa dúró tì í nílé, ní ọsibítù àti ní súkúù

Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 9 báyìí, CP (cerebral palsy) ló ní, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ló farapa nígbà tó ṣì wà ní ìkókó, kò wá jẹ́ kó lè darí ara ẹ̀ dáadáa. Ibà pọ́njú (jaundice), tó máa ń sọ ojú ọmọ di yẹ́lò, ló fà á, wọ́n ní ká kàn máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, pé á lọ, a sì gbọ́ tiwọn, kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ojú mi ló rí i.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ ra ìwé nótì kan. Òun lẹ máa fi ja gbogbo ìjà tó kù. Ẹ máa kọ déètì sí i, ohun tí dọ́kítà sọ, orúkọ oògùn, nǹkan tuntun tọ́mọ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Tí gìrì bá ń mú un, ẹ wo aago, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó lò, kẹ́nì kan fi fóònù ká a, torí ó lè má mú un níwájú dọ́kítà, fídíò yẹn ló máa bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọná, ẹ kàn fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ CP ni kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ má rọ irú wọn lẹ́kọ láéláé. Màmá mi tẹ́ tèmi sórí ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, wọ́n dí i nímú, wọ́n da ògì sí i, ọmọ wúkọ́ títí ètè ẹ̀ fi ń dúdú. Inú ẹ̀dọ̀fóró lògì ń lọ. Mi ò bá màmá jiyàn, màmá mi ni, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Mo ní kí wọ́n sìn mí lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ ọmọ bó ṣe máa lo ara ẹ̀, lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi han àwa méjèèjì: kọ́mọ jókòó, kórí ẹ̀ dúró, kó má tẹ̀ sẹ́yìn, síbí kékeré, kó gbé tẹnu ẹ̀ mì kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíì. Látìgbà yẹn màmá ló ń kọ́ àwọn èèyàn ilé. Tí àgbàlagbà bá ń ta kò yín, ẹ mú wọn dání lọ.

Súkúù ló wá le jù. Ẹni tó ni súkúù kan sọ lójú mi pé àwọn ò lè gba irú ọmọ yìí, àwọn òbí yòókù máa sọ̀rọ̀. Mo délé, mo sunkún. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé òfin wà. Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin àpapọ̀ kan ní January 2019 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀: iléeṣẹ́ tó bá ṣe é máa san ₦1,000,000, ẹnì kan máa san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Òfin yẹn náà ló ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún wọn títí dé sẹ́kọ́ńdìrì, àti pé súkúù ìjọba gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn. Nígbà tí mo padà lọ, mi ò pariwo, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ò gbà á, kẹ́ ẹ kọ ìdí ẹ̀ náà sí i." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè.

Ohun tẹ́ ẹ bá ń bèèrè, ẹ sọ ọ́ ní pàtó: kíláàsì tí kò ní gun àtẹ̀gùn dé, àga tó gbà á dáadáa, ẹni tó máa gbé e lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, àsìkò díẹ̀ sí i nígbà ìdánwò. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ní kọ́pì méjì, kí wọ́n fi sítáńbù sórí tiyín. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ gbé ìwé nótì àti lẹ́tà yẹn lọ sí LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sọ́rọ̀ àkàndá ẹ̀dá, tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, níbòmíì ẹ bèèrè ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ àkàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ yín, àjọ tìjọba àpapọ̀ náà wà l'Ábújá.

Àwọn tó ń sọ pé ẹmẹ̀rẹ̀ ni, pé kẹ́ ẹ gbé e lọ sódò, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ sì má fọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ẹ jẹ́ kóun náà sọ tẹnu ẹ̀. Aṣọ méjì ni mò ń gbé sókè láàárọ̀, màá ní èwo, ojú ló fi ń mú un. Àwa òbí la máa ń kánjú dáhùn fún wọn, bẹ́ẹ̀ ara wọn ni kì í tètè dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan, ẹ ka ení, èjì lọ́kàn yín dé 10 kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Tèmi, tí mo bá fi máa ka 7, ó ti mú èyí tó fẹ́.