Bí Ẹ Ṣe Lè Jíròrò Lórí Ẹni Tí Yóò Di Kóòṣì Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì

Bí ipò kóòṣì bá ṣófo ní yunifásítì kan ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló sábà máa ń fa ẹni tirẹ̀ wọlé. "Àgbà agbábọ́ọ̀lù ni!" Gbígbá bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí kíkọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù.

Kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí ikọ̀ ń fẹ́ sílẹ̀. Tí orúkọ bá ti jáde, ohun tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe ni gbogbo yín máa pè ní ohun tí ikọ̀ ń fẹ́. Ẹ wo àwọn ìdíje tó kọjá dáadáa: bí ọ̀pọ̀ góòlù tí wọ́n gbá wọlé yín bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75, okun ló ń tán lára àwọn ọmọ, ẹ má lọ máa wá ẹni tó mọ ọgbọ́n orí nìkan.

Ikọ̀ yunifásítì kì í ra agbábọ́ọ̀lù. Ọdọọdún ni àwọn tó dára jù ń gboyè jáde, ìdánwò sì ń dá ìgbáradì dúró. Nítorí náà, ẹ bi olùdíje kọ̀ọ̀kan pé: dárúkọ ọmọ mẹ́ta tí o gbà ní tútù, kí ni àléébù wọn, báwo lo ṣe tún un ṣe? Ẹni tó bá kàn ń ka ife ẹ̀yẹ fún yín kò tíì dáhùn.

Ìwé ẹ̀rí kóòṣì tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ń fúnni ṣe kókó. D ló kéré jù, lẹ́yìn náà ni C, B àti A. Lójú tiwa, kò yẹ kó kéré sí C.

Iṣẹ́ gan-an wà lórí pápá. Ẹ fún olùdíje kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, ọmọ 16, àti iṣẹ́ kan náà: bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe kúrò lọ́wọ́ aṣọ́lé nígbà tí alátakò há wọn mọ́lé. Ẹ wo àwọn ọmọ ju kóòṣì lọ. Bí wọ́n bá tò sórí ìlà, tí wọ́n káwọ́ gbera fún ìṣẹ́jú méjì kí bọ́ọ̀lù tó kàn wọ́n, ìgbáradì náà kò múná. Ẹ wo ọmọ tó ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ṣé kóòṣì lọ bá a, ó sì fi ẹsẹ̀ hàn án, àbí ariwo ló ń pa mọ́ ọn láti òkèèrè?

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí olúkúlùkù ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń yan kóòṣì kọ máàkì tó fún olùdíje sílẹ̀, lórí 10. Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọdé wo ni yóò ta kò ó? Níbi tí ẹnì kan ti fún un ní 3, tí ẹlòmíì fún un ní 9, ibẹ̀ ni kí ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀. Kí kápútẹ́nì ikọ̀ náà wà níbẹ̀, kí ó sì sọ tirẹ̀.

Ẹ má gbára lé àwọn ẹlẹ́rìí tí olùdíje fúnra rẹ̀ mú wá. Ẹ pe kápútẹ́nì ikọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ẹ bi í bóyá owó ọkọ̀ àwọn ọmọ ń dé ọwọ́ wọn pé, àti ohun tí kóòṣì sọ fún wọn lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta léraléra.

Ẹ má tíì sọ fún ẹni tó ṣe ipò kejì pé kò rí i gbà, àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fọwọ́ síwèé. Ọ̀rọ̀ owó oṣù lè da gbogbo rẹ̀ rú.