Mosin mi tó ń kọ̀ láti dún nínú òtútù, mo ti rí ìdí ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí i o. Ráífù Mosin-Nagant 91/30 mi yẹn, ti àwọn ṣọ́jà Rọ́ṣíà ayé àtijọ́, kì í yọ mí lẹ́nu nígbà ooru, àmọ́ gbàrà tí òtútù Minnesota bá ti dé báyìí tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, màá fa tírígà, á kàn ṣe "kọ́", ìbọn ò ní dún. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀ ẹ má sáré ṣí bóòtì (irin tá à ń fà sẹ́yìn ká lè ki ọta bọnú ìbọn) o, ẹ kọjú ẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ ka 30 ná, torí ó lè pẹ́ kó tó bú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọta ni ò dáa, mo ra òmíì, pàbó. Ìgbà tí mo wá wo ìdí ọta, ojú ibi tí pin (irin ṣóńṣó inú bóòtì tó ń gbá ìdí ọta kó lè dún) gbá ò jìn rárá. Mo tú bóòtì, ọwọ́ lásán náà ti tó, àṣé gírísì cosmoline tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, ó ti dì bí ọ̀rá ẹran inú fíríìjì, spring ò wá lágbára láti ta pin dáadáa. Kẹrosíìnì ni mo fi fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mi ò fi òróró kankan sí i mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń tò ó padà, ẹ rí i pé pin yọrí bó ṣe yẹ o, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Sátidé tó kọjá mo yin 40, gbogbo ẹ̀ ló dún. Èjìká mi nìkan ló ń ráhùn.