Bí a ṣe ń gba kíbọ́ọ̀dù MIDI sínú kọ̀ǹpútà, tí a sì ń ṣe quantize rẹ̀ láìjẹ́ kí orin yarọ

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé ẹni tí ó fẹ́ gba kíbọ́ọ̀dù sínú kọ̀ǹpútà ni pé MIDI, èdè tí kíbọ́ọ̀dù olórin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn tí etí ń gbọ́. Láti ọdún 1983 tí ó ti dé ọjà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan náà: ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé a tẹ ohùn báyìí, ìgbà báyìí ni a tẹ̀ ẹ́, agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ tó báyìí nínú 127, ìgbà báyìí ni a sì gbé ọwọ́ kúrò. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ṣì lè sọ piano di fèrè, ẹ sì lè sún ohùn tí kò bọ́ sí àkókò lọ sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Sísún yìí ni à ń pè ní quantize. Òun náà ni ó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí n óò fi pẹ́ lórí rẹ̀ ju ìyókù lọ.

REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀, ni èmi ń lò, nítorí pé ó fún ènìyàn ní ọjọ́ 60 láti fi dán gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó san owó. Ẹni tí ó bá ń lo FL Studio tàbí Cubase yóò rí ohun kan náà níbẹ̀, orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ ra kíbọ́ọ̀dù tuntun. Yamaha àtijọ́ tí ó wà ní igun ṣọ́ọ̀ṣì tó, bí ó bá ṣáà ti ní ojú USB tí a kọ TO HOST sí, tàbí ojú MIDI róbótó tí ó ní ihò kéékèèké márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ti róbótó, ẹ óò ra wáyà MIDI tí ẹnu rẹ̀ kejì jẹ́ USB. Nínú púpọ̀ àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, ẹnu tí a kọ IN sí ni ó ń wọ ojú OUT lára kíbọ́ọ̀dù. Bí kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹnu méjèèjì kí ẹ tó sọ pé wáyà ti bàjẹ́.

Lórí Windows, ẹ fi ASIO4ALL sí i, ètò kékeré tí ó ń jẹ́ kí ohùn tètè jáde, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fi buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó gbé e jáde, sí 128 tàbí 256. Ní 44,100 Hz, 256 kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, etí kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sí 1024, ohùn yóò máa pẹ́ kí ó tó jáde, ọwọ́ yín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ṣíwájú ìlù láìmọ̀, láti lè bá a. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe fi gbohùngbohùn etí (headphone) Bluetooth gbọ́ ohùn nígbà tí ẹ bá ń gba orin sílẹ̀. Èyí tí ó ní wáyà ni kí ẹ lò, ì báà jẹ́ ti fóònù. Èmi kì í sì í gba orin sílẹ̀ lórí bátìrì, nítorí pé bí iná bá ti lọ, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká a máa dín agbára ara wọn kù, ohùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ ṣí tráàkì kan, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù yín fún un, ẹ gbé ohun èlò orin sórí rẹ̀, kí ẹ sì tan iná pupa tí a fi ń gba orin sílẹ̀. Ẹ kọ orin náà lẹ́nu pẹ̀lú àtẹ́wọ́ kí ẹ tó yan tẹ́ńpò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí click, ìró tí ó ń ka ìlù fún yín, máa dún ketekete, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ orin láti báà kẹta, nítorí pé ìka a máa ṣíwájú ìlù díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tí ó bá sì ṣíwájú ibi tí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ó ti sọnù nìyẹn. Bí ibi kan bá le fún ọwọ́ yín ní tẹ́ńpò 120, ẹ dín in kù sí 90, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dá a padà. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Kìkì ohun kan ni kí ẹ pa: ètò tí ó máa ń ṣe quantize bí ẹ ti ń tẹ̀ lọ. Bí ó bá wà ní títàn, ẹ kò ní mọ ibi tí ọwọ́ yín bọ́ sí gan-an láéláé.

Wàyí o, kí ẹ tó fọwọ́ kan quantize, ẹ ṣe ẹ̀dà tráàkì náà, kí ẹ sì pa ohùn ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí orin náà, kí ẹ sì máa kà láàrin àtẹ́wọ́ kan sí èkejì. Ṣé “ení, èjì, ẹ̀ta” ni ó bá a mu, tàbí “ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin”? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn. Orin ìyìn tí àwọn olórin ń pè ní six-eight, ẹlẹ́ta ni. Agogo kónkóló tí ó ń lu ìró méje nínú ìṣísẹ̀ 12, ẹlẹ́ta ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1/16, tí ó ń pín ìlù kan sí mẹ́rin, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ láìwò ó.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. REAPER pín ìlù kọ̀ọ̀kan sí ìdá kéékèèké 960. Ohùn mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ dọ́gba yóò wà ní 0, 320 àti 640. Ìlà 1/16 wà ní 0, 240, 480 àti 720. Ìlà tí ó bá sún mọ́ ohùn jù ni quantize ń fà á sí, nítorí náà 320 yóò lọ sí 240, 640 yóò sì lọ sí 720. Àlàfo tí ó jẹ́ 320, 320, 320 ti di 240, 480, 240. Ẹsẹ̀ kan kúrú, èkejì gùn, orin ń tiro. Bí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn lù bá wà nínú orin kan náà, piano yóò máa bá wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn olórin á sì máa wí pé onílù ni kò mọ ìlù í lù. Ẹgbẹ́ akọrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí, odidi orin. Wọ́n ti fi 1/16 fa gbogbo rẹ̀, wọn kò sì tọ́jú ti àkọ́kọ́. Kò sí bọ́tìnì tí ó lè dá a padà. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ní láti jókòó tún un tẹ̀ láti orí dé ìdí.

Nítorí náà, bí orin bá jẹ́ ẹlẹ́ta, 1/8 triplet, tí ó ń pín ìlù kan sí mẹ́ta, ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá ti kọ 12/8 sí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, 1/8 lásán ni. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́rin, 1/16. Orin tí ó bá da méjèèjì pọ̀, ẹ yan abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ má sì fi ìlà kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ohùn tí ó bá jìnnà sí ìlà rẹ̀ ju ìdajì àlàfo lọ yóò bọ́ sí ìlà aládùúgbò. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wá irú wọn, kí ẹ fi ọwọ́ fà wọ́n sún mọ́ ilé, kí ẹ tó tẹ Q.

Nínú àpótí tí Q bá ṣí, ẹ má ṣe fi strength, ìyẹn bí quantize yóò ṣe fa ohùn tó nínú ọgọ́rùn-ún, sí 100. Ọgọ́ta ni mo ń lò: ohùn tí ó pẹ́ ní ìdá 40 nínú 960 yẹn yóò ṣì pẹ́ ní 16, etí á gbà á gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ènìyàn. Bass ọwọ́ òsì mo máa ń fún ní 80, orin ọwọ́ ọ̀tún 50. Ibẹ̀rẹ̀ ohùn nìkan ni kí ẹ sún. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan òpin rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn kúkúrú yóò di gígùn, èyí tí ó yẹ kí ó so mọ́ra yóò sì já.

Pédàlì ń fẹ́ àkíyèsí tirẹ̀. Bí ẹ ti sún àwọn ohùn, pédàlì tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lè dúró sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Kọ́ọ̀dù tuntun yóò wá dé kí ẹsẹ̀ tó gbéra, ti àtijọ́ á sì máa dún mọ́ ọn. Ẹ ṣí ìlà 64 (CC64), ibi tí a kọ iṣẹ́ pédàlì sí, ní ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ sún ìgbéra ẹsẹ̀ bá kọ́ọ̀dù lọ.

Ẹ wá gbọ́ orin náà pẹ̀lú ìlù, kí ẹ kọjú sí ògiri, nítorí pé ojú tí ń wo ìlà kì í jẹ́ kí etí gbọ́ nǹkan. Ẹ má ṣe pa tráàkì àkọ́kọ́ rẹ́ títí orin yóò fi jáde. Bí onílù gidi bá dé nígbà tí ó yá, tí ẹ sì gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀, inú tráàkì yẹn ni èmi máa ń padà sí láti tún quantize ṣe ní 30 péré, nítorí pé ìlù ti di ti onílù, kò sí lọ́wọ́ click mọ́.