Bí mo ṣe rí wákàtí kan gbà níbi iṣẹ́

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 ló yọ mí. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 ìsinmi ìbímọ, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 1 lójúmọ́ títí ọmọ á fi pé oṣù 15. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú! Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi, wọ́n sì gbà. Báyìí, tí mo bá délé lọ́sàn-án, ọmọ á ti máa fa bùbá mi kí n tó jókòó.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ìyá ọkọ mi ní Kétu níbí ni mo bẹ̀ kí wọ́n máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé mi ò sí nílé ni?" Lọ́jọ́ ọjà, aládùúgbò wa kan ló ń gbà á tọ́jú. Ẹ kọ lẹ́tà tiyín sí ọ̀gá yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́.