Ẹ Má Kọ́lé Sójú Àgbàrá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láwọn Àdúgbò Tuntun ní Kàbà

Ẹ má ra ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn kí ẹ sì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ láì tíì rí i lójò. Èyí ló ń dùn mí jù. Ní oṣù Kìíní, ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, iná ti jó koríko, ilẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Kòtò wẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ pè ní ọ̀nà ẹsẹ̀ lè jẹ́ ojú àgbàrá. Òkè àti àpáta ló yí àwa ará Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí ká, láti Kàbà dé Ìsánlú, àpáta kì í sì í mu omi. Ohun tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí ẹ kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi àgbẹ̀ tó ń dáko nítòsí. Ó mọ ibi tí omi ń gbà.

Àwọn kan mọ̀, síbẹ̀ wọ́n á fi fẹ́ǹsì dí ojú àgbàrá. Omi kì í padà sókè o. Yàrá aládùúgbò ló máa yà sí. Omi orí òrùlé tiyín náà ńkọ́? Òrùlé tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 12, á da lítà 7,200 sílẹ̀ bí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 50. Bí ẹ bá ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, ta ni ẹ ń dà á sí lára? Ẹ jọ la gọ́tà kí fẹ́ǹsì tó dìde, kí ẹ sì dá ihò sí ìdí fẹ́ǹsì.

Ìwé ẹbí nìkan kò tó lórí ilẹ̀: láti 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Ẹ ṣe sọ́fè, ìyẹn ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, ẹ wá ìwé ìjọba.

Kànga ló kù. Ó yẹ kó jìnnà sí ṣáláńgá àti sókawéè (kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń rì sí) tó mítà 30. Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, kò ju nǹkan bíi mítà 15 ní fífẹ̀ àti mítà 30 ní gígùn lọ, nítorí náà sókawéè tó máa ba omi yín jẹ́ lè wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, nínú ọgbà ẹlòmíràn. Ẹ kan ilẹ̀kùn wọn, ẹ béèrè ibi tó wà, kí agbẹ́kànga tó gbé ṣọ́bìrì.